Àwọn Tí A Pè Wá Ṣọ́lé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má wò ó pé ìkíni mi ò gùn. Inú ló ń bí mi, ẹ sì mọ̀ mí, bí inú bá ń bí mi, ẹnu mi kì í gba ìkíni púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ilé yín tó wà ní Ìkirè ni mo bá wá. Ọjọ́ Àìkú lòní. Òjò Hamburg ń rọ̀, kò pọ̀, kò sì dá. Mo jókòó sídìí fèrèsé nínú ilé alájà gíga tí à ń gbé ní Osdorfer Born. Ìbùkún ọmọ mi wà ní yàrá tirẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Wálé àbúrò mi ti ń pè mí láti Berlin láti àárọ̀, mi ò gbé e. Ìdáhùn kan ló ń retí lẹ́nu mi, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò sì tíì rí èyí tí màá sọ. Ta ni kí n bi, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

Ẹ rántí Bùrọ̀dá Kọ́lá, ọmọ àbúrò yín obìnrin, tí Wálé ní kó wá máa bá yín gbé nígbà tí ojú yín ò ríran mọ́. Ọdún kejì rèé tí ẹ ti lọ, kò tíì kúrò nínú ilé yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé “wọn” ni kí n máa fi pè é torí pé ó jù mí lọ dáadáa. Ẹ má bínú, mo ti gba “wọn” náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti gbé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù wọ àgbàlá yín. Yanrìn ni wọ́n dà sí ibi tí igi ọsàn yín wà, igi ọsàn fúnra rẹ̀ ti di igi ìdáná. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri iwájú, pé ibí ni ilé iṣẹ́ òun. Mo lè gbé gbogbo ìyẹn mì. Àmọ́ lóṣù tó kọjá, ará àdúgbò kan ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí Wálé. Búlọ́ọ̀kù tútù ni wọ́n tò sórí ibojì yín kó lè gbẹ, Bàbá. Wọn ò tiẹ̀ yọ ibi tí a kọ orúkọ yín sí sílẹ̀.

Wálé ti wá lọ́yà ní Ìbàdàn. Lọ́yà ní àfi kí àwa ọmọ méjèèjì jọ fohùn sí i kí òun tó lè gbé Bùrọ̀dá Kọ́lá lọ sí kóòtù, kí wọ́n sì lé e jáde, tòun tìyàwó tọmọ. Wálé ti fohùn sí i. Ó ku èmi.

Kí inú tó bí mi sí Bùrọ̀dá Kọ́lá, ẹ̀yin ni inú kọ́kọ́ bí mi sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, ẹ ò kúkú lè dá mi lóhùn. Ta ló kọ́ wa ní ìtàn bí oríṣiríṣi èèyàn ṣe ń ya wọ erékùṣù àwọn Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́? Àwọn olùkọ́ ìtàn yòókù á kọ ọ́ sójú pátákó, ọmọ á dà á kọ, ó tán. Ẹ̀yin ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ sílé ìwé. Lọ́sàn-án Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ máa ń fi bíléèdì bó ọsàn, èèpo rẹ̀ á máa yí lọ láìjá, ẹ ó wá tẹ́ èèpo náà sórí ẹní. Erékùṣù nìyẹn. Ìdérí ìgò ni àwọn ará Róòmù. Ẹ máa ń tò wọ́n ní ìlà gbọọrọ, torí ẹ ní àwọn yẹn kì í la ọ̀nà wíwọ́. Wọ́n kó ọmọ ogun wá, wọ́n la ọ̀nà, wọ́n mọ odi, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi pé ọmọ tí wọ́n bí ò mọ ilé míì. Nígbà tí wàhálà bẹ́ sílẹ̀ nílé tiwọn, wọ́n gbọ̀nà ilé. Ẹ ó fọwọ́ kan gbá gbogbo ìdérí ìgò kúrò, ẹ ó wá dákẹ́. Wálé kórìíra ìdákẹ́ yẹn. Ó máa ń béèrè pé ta ló wá ń ṣọ́ wọn báyìí.

Ibẹ̀ ni èèpo ẹ̀pà ti ń wọlé. Àwọn ará àríwá ń yọ onílẹ̀ lẹ́nu, ọba wọn wá ní kí wọ́n lọ pe àwọn alágbára tó wà ní òdìkejì òkun, kí wọ́n wá bá àwọn ṣọ́lé. Àwọn Sásónì nìyẹn, àtàwọn Áńgúlù àti Júùtù tó bá wọn rìn. Ẹ ó gbé èèpo ẹ̀pà mélòó kan sétí èèpo ọsàn, ọkọ̀ ojú omi wọn nìyẹn. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ díẹ̀ létí omi. Àwọn yẹn ránṣẹ́ sílé pé ilẹ̀ ọ̀hún dára, pé àwọn tó ni ín sì rọ̀. Kí a tó mọ̀, èèpo ẹ̀pà ti kún orí ẹní, àwọn onílẹ̀ ti sá gun orí òkè ní ìwọ̀ oòrùn, àwọn tó bá wọn nílé sì ń fi èdè tiwọn pè wọ́n ní àjèjì. Ẹ̀rín máa ń pa yín níbẹ̀, ẹ ó fọwọ́ gbá itan yín, ẹ ó ní ẹ wo ayé, onílẹ̀ di àjèjì. Lẹ́yìn náà ni àwọn Fíkíǹgì, tí wọ́n kọ́kọ́ wá jó ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó yá, ó sú wọn láti máa padà sílé, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n dáko. Àwọn Nọ́mánì ló kẹ́yìn, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí gúúsù nígbà tí ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ja ogun míì tán ní àríwá, tí ẹsẹ̀ ṣì ń dùn ún. Ẹ ó wá gé ọsàn náà fún wa, pé ẹni tó bá sùn nídìí ìtàn ò ní mu níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ gbogbo èyí, tí ẹ lè fi èèpo ẹ̀pà ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, báwo lẹ ṣe wá jókòó kalẹ̀ tí ẹ ń wo Bùrọ̀dá Kọ́lá? Báàgì kan ló gbé dé. Kò pẹ́, ìyàwó rẹ̀ dé, àwọn ọmọ tẹ̀ lé e. Àbúrò ìyàwó dé, ó ní òun ń wáṣẹ́. Ewúrẹ́ dé. Mo pè yín lórí fóònù, mo ní Bàbá, ilé ti ń kún o. Ẹ ní ilé tí ò bá kún, èkúté ni yóò kún ibẹ̀. Mo ní kí ẹ sọ ọ́ sójú ẹlẹ́rìí ta ló nilé. Ẹ ní kí n má wulẹ̀ pa yín kí ọjọ́ yín tó pé. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹ ò sọ nǹkan kan, gbogbo èèyàn wá ń sọ tiẹ̀.

Ti Wálé tún yàtọ̀. Ní Tempelhof tó ń gbé ní Berlin, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kó ẹrù àti mọ́tò àlòkù ránṣẹ́ sí Èkó. Tó bá di ẹrù, kò sẹ́ni tó gbọ́n tó o. Yóò ti kọ orúkọ olówó sára dúrọ́ọ̀mù níhà mẹ́rin kí ó tó jẹ́ kó kúrò nílẹ̀. Àmọ́ ilé bàbá rẹ̀, ó kàn gbé kọ́kọ́rọ́ fún Bùrọ̀dá Kọ́lá lórí fóònù ni, pé kí Bàbá má baà dá gbé. Nígbà tó fi máa sọ fún mi, ó ti ṣe é tán. Òun náà ló wá ń pariwo kóòtù jù báyìí.

Ohun tó tún wá bí mi nínú ni pé ibí tí mo wà gan-an ni àwọn Sásónì ti wọkọ̀. Ẹ rántí pé ẹ ò jẹ́ kí n sinmi nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Hamburg. Ẹ ní kí n lọ wo odò Elbe fún yín. Mo ní Bàbá, iṣẹ́ ni mo wá ṣe, ẹ ní odò ò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní Altona tí mo ti ń ránṣọ báyìí, tí mò ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò fún àwọn òyìnbó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí mo bá rìn sísàlẹ̀ díẹ̀, mo ti dé etí odò nìyẹn. Omi rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí omi àgbàrá. Ọjọ́ tí mo pè yín láti ibẹ̀ pé mo ti rí i, ẹ pe àwọn ará ilé sínú yàrá kí wọ́n wá gbọ́. Ẹ ní ọmọ yín wà lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn Sásónì gbà jáde. Kí ló dùn nínú ìyẹn tó bẹ́ẹ̀?

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, Ìbùkún ní wọ́n ní kí òun ṣe Referat, ọ̀rọ̀ tí ọmọ máa ń dúró sọ níwájú kíláàsì, lórí àwọn tó ti apá ibí lọ sí erékùṣù náà. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ra ọsàn, mo ra ẹ̀pà eléèpo, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀. Èèpo ọsàn tèmi já sí ọ̀nà mẹ́ta, mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé, mo fọwọ́ gbá ìdérí ìgò kúrò, mo dákẹ́ bí ẹ ṣe máa ń dákẹ́. Ọmọọmọ yín wò mí, ó ní, “Mama, die sind einfach umgezogen.” Pé wọ́n kàn kó ilé ni. Olùkọ́ wọn ní omi òkun ló ń wọlé lé àwọn èèyàn náà lórí níbi tí wọ́n wà, wọ́n wá ń kó tìyàwó tọmọ lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn pẹ̀lú àwọn onílẹ̀. Ó ní ti ọba tó pè wọ́n yẹn, kò dá ẹnikẹ́ni lójú. Mo bi í pé ẹni tó bá kó wọ ilé tí èèyàn wà nínú rẹ̀, kí là ń pe ìyẹn. Ó ní, “Wir doch auch.” Pé ṣebí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Báyìí ni mo ṣe wọ rélùwéè lọ sí Berlin ní Sátidé tó kọjá, èmi àti Ìbùkún, pé mò ń lọ sọ bẹ́ẹ̀ ni fún Wálé lójúkojú. A bá a láàárín dúrọ́ọ̀mù àti fíríìjì àlòkù. Wálé ní kí a tó fohùn sí i, kí a pe Bùrọ̀dá Kọ́lá, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu wa, kí wọ́n má sọ pé a yọ́ ṣe é. Ó gbé fóònù lé orí dúrọ́ọ̀mù kan kí gbogbo wa lè gbọ́. Bùrọ̀dá Kọ́lá kí wa, ó kí wa ṣáá. Ó ní òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́yà. Ó ní tí a bá ń bọ̀, kí a jẹ́ kí òun tètè mọ̀, kí wọ́n lè tọ́jú yàrá àlejò fún wa.

Àlejò, Bàbá. Nínú ilé tí wọ́n ti ṣe ìkómọjáde mi.

Mi ò mọ ohun tí mo sọ tán. Mo bi í léèrè búlọ́ọ̀kù. Ó ní àwọn lébìrà ló tò ó síbẹ̀ nígbà tí òjò ṣú, torí pé ibẹ̀ nìkan ló ní sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú, pé òun ò sí nílé, ìyàwó òun ló lé wọn kúrò, tó sì fọ ibẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Ohùn rẹ̀ wá yí padà. Ó ní kí n gbọ́, ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ó ní ta ló bu erùpẹ̀ sí Bàbá lára? Wálé pariwo pé gbogbo ohun tí wọ́n béèrè fún ìsìnkú la fi ránṣẹ́. Bùrọ̀dá Kọ́lá ní owó kì í gbé pósí.

Ẹ mọ̀ pé ìwé ìgbélùú mi ti parí nígbà náà, tuntun ò sì tíì jáde. Tí mo bá jáde kúrò nílùú yìí, mi ò ní lè wọlé bá ọmọ mi. Wálé náà wà nínú irú ẹ̀. Ojú fóònù la ti wo ìsìnkú yín, ó ń já, ó ń padà. Ọ̀rọ̀ tí Bùrọ̀dá Kọ́lá sọ yìí, Yorùbá wo ni ò mọ̀ ọ́n? Mo ti ń sọ ọ́ fún ara mi kí ó tó sọ ọ́ fún mi. Òun ló tún wá gbé e kò mí lójú.

Ìyàwó rẹ̀ ló gba fóònù. Ìyá Ṣadé ni wọ́n ń pè é, mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohùn rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ìjà, àmọ́ bí a bá máa dé kóòtù, nǹkan kan wà tó yẹ kí n gbọ́ lẹ́nu òun. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, orúkọ mi lẹ ń pè. Wọ́n pè mí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kó wọlé. Ó ní ẹ ò gba oúnjẹ, ẹ ò gba omi, ẹ ń sọ pé mo wà lẹ́nu ọ̀nà, pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Nígbà tí òun ò lè gbà á mọ́ra mọ́, òun jókòó tì yín, òun di ọwọ́ yín mú, òun ní, Bàbá, èmi nìyí, mo ti dé. Ó ní ẹ béèrè bóyá mo ti jẹun. Òun ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti jẹun. Ẹ wá mu omi, ẹ sùn. Ẹ ò jí mọ́.

Ó ní òun ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, torí pé irọ́ ni, orí ibùsùn ikú lòun sì ti pa á fún àgbàlagbà. Ó ní kí n dákun, kí n foríjì òun tí òun fi orúkọ mi jẹ́.

Nígbà tí wọ́n pa fóònù, Wálé ń wo ilẹ̀. Ó ní ìyẹn ò yí nǹkan kan padà, pé ẹni tó máa gba ilé lọ́wọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ mọ bá a ṣe ń sunkún. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Àmọ́ mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni náà mọ́. Mo ní kó fún mi láyè, mo mú ọmọ mi, a padà sí Hamburg. Nínú rélùwéè, Ìbùkún bi mí pé ta ni Bàbá Àgbà rò pé ó di ọwọ́ àwọn mú. Mo ní èmi ni. Ó ní, “Dann warst du ja da.” Pé mo wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ tù mí nínú ni, inú sì túbọ̀ ń bí mi.

Ẹ wò ó, Bàbá, tó bá jẹ́ ilé ni, kóòtù wà. Tó bá jẹ́ àgbàlá ni, wọ́n lè kó yanrìn kúrò. Èyí tí Ìyá Ṣadé mú lọ yìí, kóòtù wo ló fẹ́ gbà á padà fún mi? Ó jókòó síbi ìjókòó mi. Ó jẹ́ orúkọ mi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ kẹ́yìn láyé, tèmi ni, etí tirẹ̀ ló sì gbọ́ ọ. Mo fẹ́ gbá a létí. Mo tún fẹ́ kúnlẹ̀ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti Sátidé, mi ò tíì mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú.

Ìbéèrè kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí ojú yín ti fọ́ tán, ìró ẹsẹ̀ lẹ fi ń mọ èèyàn. Kí n tó sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bí mo bá ti mí, ẹ ti mọ̀ pé èmi ni. Ṣé ẹ wá sọ fún mi pé ẹ ò mọ̀ pé ọwọ́ mi kọ́ lẹ dì mú? Àbí ẹ mọ̀, ẹ kàn gbà fún un kí ara lè tù ú? Tó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀, kí ló dé tí ẹ tún fi béèrè bóyá ó ti jẹun?

Tí mo bá kọ lẹ́tà yìí tán, màá pe Wálé. Màá ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Yóò bínú, yóò sọ pé obìnrin ló ń ṣe mí, kó sọ ọ́. Mi ò ní lé ẹni tó fún yín ní omi ìkẹyìn jáde sí títì. Ìyẹn ò sọ pé mo ti gbà. Kí Bùrọ̀dá Kọ́lá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára ògiri, kí ó kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, kí ó sì má pè mí ní àlejò mọ́ láé. Ní oṣù Kejìlá, ìwé mi ti pé báyìí, èmi àti Ìbùkún ń bọ̀. A ò sùn ní yàrá àlejò. Yàrá yín la máa sùn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n pe ìyẹn ní ogun, kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀.

Tí mo bá dé, màá lọ sídìí ibojì yín kí n tó wọlé. Àmọ́ oṣù Kejìlá ṣì jìnnà, ẹ sì ti dúró dè mí pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n yáa dá yín lóhùn láti ibí.

Bàbá, èmi nìyí. Èmi gan-an ni lọ́tẹ̀ yìí. Rárá, mi ò tíì jẹun.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí inú ṣì ń bí.